Ìró Yẹ́lò Lórí Okùn Aṣọ

"Má sáré, jàre. Aṣọ kan, ẹsẹ kan."

Omi búlúù ń kán níka ìyá tó ń fọṣọ ní bọ́ọ̀dìn wa ní Yábàá bó ṣe ń sá ìbora sórí okùn. Òórùn ọṣẹ àti sítáàṣì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ẹkún ni mo sun dé ọ̀dọ̀ wọn. Nílé-ìwé wa, ẹni tí kò bá lè ka Sáàmù oṣù náà lórí nílé ìsìn kò ní jáde sí òbí rẹ̀ ní Sọ́ńdè àbẹ̀wò. Lóṣù tó kọjá, ojú fèrèsé ni mo ti ń wo màámi bí wọ́n ṣe gbé kúlà oúnjẹ padà sí Pápá Àjàó. Yorùbá àdàlú ni èmi gbọ́, ti inú Bíbélì le jù fún mi.

Ìyá yìí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo Sáàmù ló wà lórí wọn. Wọ́n sá aṣọ mẹ́jọ fún ẹsẹ mẹ́jọ. Ìró yẹ́lò tiwọn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹfà, ibi tí mo ti máa ń ṣubú, torí ẹsẹ náà sọ̀rọ̀ oòrùn. "Orí ẹ ò le," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́." Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń rìn lábẹ́ okùn yẹn, tí aṣọ tútù ń gbá mi lójú.

Nígbà tí Sọ́ńdè dé, mo kà á dé ẹsẹ karùn-ún, ó bá pin. Rẹ́fúrẹ́ǹdì ń wò mí. Mo gbójú sí fèrèsé. Ìyá dúró níta gbangba, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na ìró yẹ́lò náà sókè. Bí mo ṣe kà á tán nìyẹn.

Mo sáré bá màámi. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín, mo rojọ́ títí, mi ò tiẹ̀ rántí yà sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kejì la gba họ́lídé. Nígbà tí a wọlé fún sáà tuntun, ọmọ wọn ti wá mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi gan-an ni ọlọ́ṣà yẹn.

Àárò wọn ṣì ń sọ mí. Ní Sùúrùlérè tí mò ń gbé báyìí, ẹ̀rọ ló ń bá mi fọṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi ń sá a, aṣọ kan, ẹsẹ kan. Tí mo bá dé orí ẹ̀kẹfà, mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi bi mí léèrè lọ́jọ́sí pé kí ni mò ń wá nílẹ̀. Mo ní pẹ́ẹ̀gì ló bọ́ lọ́wọ́ mi.