Ọ̀pá Àlàájà Tí Mo Gé Dànù

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Al-Ruwais, ní Jẹ́dà, kò ṣòro láti ṣàlàyé: fídíò tó bá ń gbọ̀n, màá mú un dúró; èyí tó bá ń falẹ̀, màá lé e sáré. Àwọn tó wá ṣe úmúrà máa ń so kámẹ́rà kékeré mọ́ àyà, ohun gbogbo á wá máa fò sókè sódò nínú àwòrán. Kọ̀ǹpútà mi á di ohun kan mú láàárín, á ní kó má yẹ̀, á sì gé etí àwòrán dànù. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ọgbọ́n yìí yangàn kí ìyá kan láti Ìwó tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ rẹ̀, ẹnjiníà kan níbí, ló gbé fídíò náà wá. Ó ti gba ilé fún ìyá rẹ̀ ní Jarwal, ní Mẹ́kà, ó sì gbé kámẹ́rà kọ́ àyà tẹ̀ lé e lẹ́yìn nígbà tí ìyá ń rìn láàárín Sọfa àti Marwa, ìgbà méje.

"Ìyá Sùmáyà, ẹ bá mi dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn ará ilé ní Ìwó ò ní sùúrù," ọmọ náà wí fún mi.

"Ṣé kí n mú gbígbọ̀n ẹ̀ kúrò?"

"Ẹ mú gbogbo ẹ̀ kúrò. Yalla, wọ́n ti ń dúró."

Mo mú gbogbo ẹ̀ kúrò lóòótọ́. Àwòrán ń yọ̀ geere. Mo fi ránṣẹ́, mo sì jẹun àjẹyó.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àlàájà, ìyá náà fúnra rẹ̀, ti padà sílé, ó sì pè mí láti Ìwó. Mo ti tún ohùn ṣe láti gba ọpẹ́.

"Ìyá Sùmáyà, ṣé ìwọ lo gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi?"

"Ọ̀pá wo, Àlàájà?"

"Àwọn ará ilé ti kó ẹrù mi lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní Ọlọ́run ti wo orúnkún mi sàn, pé àwọn rí mi tí mò ń sáré ní Mẹ́kà. Èmi obìnrin, níbi tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin nìkan ló ń sáré! Àáfà ti wá ṣàdúà ọpẹ́. Ìyàwó ọmọ mi àbíkẹ́yìn ti wọ yàrá mi nísàlẹ̀. Láti àná ni mi ò ti lè sọ̀ kalẹ̀."

Mo ṣí fídíò náà, ìtìjú sì bá mi. Etí àwòrán ni ọ̀pá rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ti gé e mọ́ etí. Títiro rẹ̀, kọ̀ǹpútà pè é ní gbígbọ̀n, ó bá a tún un ṣe. Èyí tó kù ni mo lé sáré. Gbogbo dókítà Jẹ́dà ò rí irú ẹ̀ ṣe.

Mo fi ojúlówó fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, bó ṣe gbọ̀n, bó ṣe falẹ̀, ó ju wákàtí kan lọ. Ohùn wà nínú èyí. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú tèmi, torí ohùn tí a bá lé sáré a máa dún bíi ti ẹyẹ. Ọ̀pá ń kan ilẹ̀: kò, kò, kò. Ní ìrìn karùn-ún, ìyá dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gba kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì," ọmọ rẹ̀ wí.

"Ẹsẹ̀ tí mo fi dúró pọ̀n yín náà ni màá fi ṣe é."

Mo sunkún nídìí kọ̀ǹpútà, èmi tí mo ti fi eré kọjá níbẹ̀. Láti ìgbà náà, oníbàárà tó bá ní kí n mú gbogbo ẹ̀ kúrò, mo máa ń bi í pé kí ni gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Àlàájà tún pè.

"Wọ́n ti dá mi padà sísàlẹ̀. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló ru tìmùtìmù mi."

"Alhamdulillahi. Màá pa fídíò burúkú yẹn rẹ́, mà."



"Má pa á rẹ́ o. Bí gbogbo wọn bá ti jáde, èyí tí mo ti ń sáré yẹn ni mo máa ń wò."