Ìwé Tí Àṣíáwù Fi Di Dòdò

Ẹgbẹ́ mi ni Àṣíáwù. Àdúgbò kan náà la dàgbà sí ní Ìkirè. Nígbà tí bàbá mi fà mí lọ sílé ìwé Áńgílíkà, òun tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sídìí agbada, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni yóò po mọ́ ata àti iyọ̀, tí yóò dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ewé ló fi ń dì í. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ọkọ̀ tó wọ aṣọ funfun kò fẹ́ kí epo ta sí wọn láṣọ, nítorí náà ó máa ń fi ìwé wé ewé lóde.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń rí ìwé. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù. Bí sáà bá parí, màá di ìwé ìdánwò àtijọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún un. Bí kò bá bá mi ní ọ́fíìsì, á gbé e, á fi dòdò kan sílẹ̀ lórí tábìlì, èmi náà á sì mọ̀ pé ó ti wá.

Lọ́dún 1994, nígbà tí ọwọ́ ìjọba ológun le, tíṣà wa kan tó ń jẹ́ Titus ní kí n bá òun tẹ ìwé pélébé kan tó ta ko ìjọba. Mo tẹ igba. N kò ní purọ́ pé akin ni mí, ojú ló tì mí láti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Titus pín díẹ̀, ó gbọ́ pé wọ́n ń wá òun, ó bá gba ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu sá lọ. Ìyókù kù sí mi lọ́rùn. Mo kì wọ́n sáàárín ìwé ìdánwò, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní tó bá di ọ̀sán màá lọ sun ún lóko.

Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo fi máa padà, dòdò ti wà lórí tábìlì, ó ṣì lọ́ wọ́rọ́.

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹrù kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sáré lọ wọkọ̀, ọkọ̀ kò sì tètè kún. Àdúrà mi ni pé kó má tíì tú ẹrù náà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìkirè, àwọn sójà ti dí ọ̀nà nítòsí agbada rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì mú dòdò lọ́wọ́ kan, ó mú ìwé lọ́wọ́ kejì. Kò jẹun mọ́, ó ń kàwé. Àṣíáwù gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin.

N kò pè é. Mo yí padà, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ Àpòmù, mo jókòó bí ẹni tó ń lọ kí àna.

Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, a sì gbọ́ pé wọ́n ń bi í lẹ́ni tó fún un níwèé. Bó bá dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Bí ọkọ̀ bá rọra níwájú ilé wa, màá pa iná. Ìyàwó mi, Morónkẹ́, ní, "Ẹ jẹ́ ká sá lọ sí Wásinmi." Mo ní bí mo bá sá, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n dúró, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lọ. Ojú sì ń tì mí láti kọ èyí: nígbà tí mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò bẹ Ọlọ́run pé kó tú Àṣíáwù sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á lẹ́nu mọ́.

Oṣù méje ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ti rù, ó ń wúkọ́, ìka rẹ̀ méjì kò nà mọ́. Mo jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n tó lọ kí i.

"Mo ní ojú ọ̀nà ni mo ti ṣa ìwé náà," ló sọ fún mi.

"Àwọn ìwé ìdánwò yòókù ńkọ́? Orúkọ ilé ìwé wa wà lára wọn."

"Nígbà tí sójà yẹn yíjú láti pe ọ̀gá rẹ̀, mo kì gbogbo ẹ̀ sínú iná abẹ́ agbada."

"Kí ló jẹ́ kó o mọ̀ pé ìwé náà léwu?"

"Ìwọ ni. Mo rí ẹ tó o sáré bọ̀, mo rí ẹ tó o wo ìwé ọwọ́ ẹ̀, tó o sì yí padà. Látìgbà tá a ti wà ní kékeré ni mo ti mọ bí ojú ẹ ṣe máa ń rí tí ẹ̀rù bá bà ẹ́. Mo ní, Rótìmí ló sá báyìí, a jẹ́ pé ìwé yìí ni."

Mo sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ó ní. "Kọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi. Kó o wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á."

Àwọn ológun ṣì wà lórí àga. Mo ti fèrèsé pa kí n tó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ ábídí. Lọ́jọ́ tó fúnra rẹ̀ kà á, ó fi ìka tó ti ká kò náà tọ́ka sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ Ajé. Ìjọba ológun ti tó."

Ó tún un kà.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

Ó yí ìwé náà padà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ku nǹkan níbẹ̀.