Ràúfátù àti Ajá Tó Jẹ Ọṣẹ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fa ẹní mọ́ra, ìtàn yìí ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Nínú àlọ́ abẹ́ òṣùpá, nígbà tí ìyàn mú tí gbogbo ẹranko dìmọ̀ pọ̀ pé kí kálukú pa ìyá rẹ̀ jẹ, ajá nìkan ló gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó lu ìyá rẹ̀ ní kùmọ̀ nítorí ajá.

Ràúfátù ni ìyá náà. Ọṣẹ dúdú ló ń sè ní Ifangni, nílẹ̀ Benin. Nígbà tí Mùríìdì ọkọ rẹ̀ kú, Tanímọ̀la, ajá ọkọ rẹ̀, lọ dùbúlẹ̀ sórí sàréè, kò jẹ, kò mu. Àwọn ẹbí ní ajá kì í sùn lórí sàréè mùsùlùmí. Wọ́n fi igi lù ú, wọ́n fọ́ ojú rẹ̀ kan, wọ́n jù ú sórí ààtàn. Ràúfátù lọ gbé e níbẹ̀. Ó fi ìró pọ̀n ọ́n bí ẹní pọn ọmọ, ó gbé e dé Lagbé.

Obìnrin kan wà ní Lagbé, Philomène, tó sọ ọgbà bàbá rẹ̀ di ilé fún àwọn ẹran tí wọ́n lù, tí wọ́n lé, tí mọ́tò gbá. Ó gba ajá náà. Ó ní, "Ìyá, màá tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n, ọwọ́ mi nìkan ò ká a."

Ràúfátù ní, "Èyí tó wà léjìká mi ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Lagbé ló ń forí lé. Kò gbowó, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́. Á gbá ìgbẹ́, á já eégbọn lára ajá, á fi àdín pa egbò ewúrẹ́ tí wọ́n ṣá ládàá nínú oko ẹ̀gẹ́. Aṣọ ọgbà lọ́tọ̀, aṣọ ìrun lọ́tọ̀. Bí itọ́ ajá bá kàn án, á fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, á fi omi ṣàn án léraléra. Síbẹ̀, Ìyá Ajá ni wọ́n ń pè é.

Àbdùlàzéèzì ọmọ rẹ̀ ń gun zémìjàn, alùpùpù akérò, ṣùgbọ́n kì í gbé ìyá rẹ̀ débẹ̀. "Màmá, àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá ajá ló bí mi."

"Ká ní ajá ló bí ẹ ni, ò bá mọ ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ti wà nílùú. Dìgbòlugi, ajá tí wèrè mú, ti bu ọmọ kan jẹ ní Daagbé. Ọmọ náà ń sá fún omi títí ó fi kú. Kò sí ọkùnrin tí kò fi kùmọ̀ sí ìtòsí.

Ràúfátù di ọṣẹ tútù sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, kó lè fi wẹ àwọn ẹran. Nígbà tó dé Lagbé, ó gbé e sórí àpótí, ó lọ fami ní kànga. Òórùn epo tó fi sè é ni Tanímọ̀la gbọ́. Ó gbé ọṣẹ mì tewétewé. Omi eérú inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lọ́fun. Ajá ké, ó kọlu ọgbà, ọgbà ya, ó já sí títì, ìfófó funfun ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

Bàṣírù tó ń ta epo bẹntiróò inú ìgò lẹ́bàá títì ló kọ́kọ́ rí i. "Dìgbòlugi! Dìgbòlugi dé o!"

Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, kùmọ̀ àti àdá ti kún títì. Arúgbó ajá kan tó sùn jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò gbórí sókè láti wòran. Wọ́n là á lórí bí ẹni la àgbọn. Wọn ò tilẹ̀ bi í pé kí ló ṣe. Òkò ba Tanímọ̀la lẹ́gbẹ̀ẹ́, egungun dún pàà, ó wọ́ padà sẹ́nu ọgbà. Bàṣírù ti ṣí ìgò. "Ẹ kúrò! Ẹ jẹ́ n dáná sun ún!"

Ràúfátù ju korobá sílẹ̀, ó sáré, ó ṣubú lé ajá náà. "Ọṣẹ ni! Ọṣẹ mi ló jẹ!"

Ta ni yóò gbọ́? Kùmọ̀ kan ti ń bọ̀ látòkè. Ó gbé apá sókè. Kùmọ̀ dé, kò! Egungun ya awọ, ó yọ síta. Ẹni tó lù ú wo ojú ẹni tó lù. Àbdùlàzéèzì ni. Èrò ló gbé kọjá tó fi gbọ́ ariwo, tó bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù.

"Màmá?"

Ràúfátù yíjú sí ajá. Apá tó ṣẹ́ ń mì dirodiro. Ó ti ọwọ́ kejì bọ ẹnu ajá títí dé ọrùn ọwọ́. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Philomène figbe ta: "Ìyá, attention! Ẹ ṣọ́ra!"

Eyín ajá kan awọ rẹ̀. Ajá ò pa ẹnu dé. Ràúfátù fa ìfófó yọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ̀ lé e, ègé ọṣẹ dúdú tẹ̀ lé ewé. Ó dìde, ó fi gbogbo rẹ̀ kun Bàṣírù lójú.

"Gbóòórùn ẹ̀! Ìyàwó ẹ ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi lánàá. Ṣé wèrè ń ṣe òun náà?"

Ọṣẹ wọ Bàṣírù lójú, ó bú sígbe, ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lápá obìnrin náà ni wọ́n ń wò.

Àbdùlàzéèzì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Màmá, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sí hôpital."

"Ajá kọ́kọ́."

"Màmá, apá yín!"

"Mo ní ajá kọ́kọ́. Philomène á bu epo pupa wá. Ìwọ lo máa la ẹnu ẹ̀, ìwọ lo máa dà á sí i lọ́fun."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún. Ajá bì, ó tún bì, títí tí ohun tó ń bì fi mọ́.

Apá Ràúfátù ò tọ́ mọ́. Ó tẹ̀ bí dòjé. Ọwọ́ kan ló fi ń ro ọṣẹ báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, zémìjàn ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, ó ń gbé e dé Lagbé. Ṣùgbọ́n Àbdùlàzéèzì kì í lè wọ ọgbà. Bí Tanímọ̀la bá ti gbọ́ ìró alùpùpù náà, yóò lọ dúró níwájú Ràúfátù, yóò yọ eyín síta.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún un. Ọdún ti yípo."

"Kí n sọ kí ni?" ni Ràúfátù ń wí, ó ń fi apá tó tẹ̀ náà pa ajá lórí. "Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Òun ni kí o bẹ̀."

Àbdùlàzéèzì yóò jókòó síta lórí alùpùpù rẹ̀, títí ìyá rẹ̀ yóò fi ṣe tán.