Ibi Iṣẹ́ Ni Mo Sọ Pé Mo Wà

Kàlẹ́ńdà kan wà ní pálọ̀ wa ní Abẹ́òkúta nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹni tí bàbá mi ń ra ẹ̀yà ara mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún un. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n bàbá mi kò yọ ọ́ kúrò lára ògiri nítorí àwòrán tó wà lórí rẹ̀: ère ńlá kan tó jókòó sí gbangba, tó rọ ojú sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sú, tí igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi ní ìlú kan létí òkun ní Japan ni ère náà wà, pé Kamakura ni wọ́n ń pè é, pé àwọn jagunjagun ló ń ṣe ìjọba níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀, òrìṣà ló rí. Bó bá fẹ́ kírun ní pálọ̀, á dojú àwòrán náà kọ ògiri. Bí bàbá mi bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, á yí i padà. N kò gbọ́ kí wọ́n jà lórí rẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń yí i síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, èmi náà sì ń wò wọ́n.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo rò pé kíá ni ìyá mi máa jù ú nù. Kò jù ú nù. Ó ṣì ń dojú rẹ̀ kọ ògiri tó bá fẹ́ kírun, ṣùgbọ́n tó bá ti kírun tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i padà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé mo máa lọ sí Kamakura. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní Mirdif, àdúgbò kan ní Dubai. Sharjah ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nítorí pé ilé rọjú níbẹ̀ ju Dubai lọ, ojoojúmọ́ la sì ń fi wákàtí méjì àárọ̀ jìyà rẹ̀ lójú títì. Lọ́dún tí mo pé ogójì, mo sọ fún ọkọ mi pé n kò fẹ́ ẹ̀bùn kankan, Japan ni kó mú mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé Karama ní Dubai ni mo lọ bá. Òun ti lọ sí Japan lẹ́ẹ̀mejì nítorí òwò, ó sì mọ gbogbo ìwé tí wọ́n máa béèrè. Ó to ìwé mi lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì, ó wá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Àbúrò mi, gbọ́ mi dáadáa. Ṣé o ti sọ fún wọn nílé?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n."

"Better. Má sọ fún anybody. Go, come back, kó o tó post pictures ẹ. Tí wọ́n bá bi ẹ́, work lo wà. Khalas, ó parí."

Kò sọ ohun tuntun kankan fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í pariwo ìrìnàjò kí á tó dé ibẹ̀. Èmi tún ní ìdí tèmi. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá mi, tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́, pé mo fẹ́ wọ bàálù wákàtí mẹ́wàá lọ wo ère tó ti ń dojú rẹ̀ kọ ògiri láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú? Mo ní tí mo bá dé tán, màá sọ fún un lójúkojú, màá sì rọra bẹ̀ ẹ́.

Bí mo bá wà ní òfì, tí n kò lọ síbi iṣẹ́, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá máa wá hòtẹ́ẹ̀lì. Mo rí ọ̀kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, inú mi dùn, títí mo fi kan àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Wọ́n fi àwọ̀ búlúù kun gbogbo ibi tí omi òkun lè bò bí ilẹ̀ bá mì. Hòtẹ́ẹ̀lì náà wà láàárín búlúù. Ọfà kékeré kan ń tọ́ka sí ọ̀nà òkè tí èèyàn máa sá gbà. Mo kà á síwájú sí i, mo rí i pé wọ́n ní ilé ńlá kan wà lórí ère yẹn nígbà kan rí, pé omi ló gbé ilé náà lọ, ló fi ère sílẹ̀ nínú òjò àti oòrùn.

Ọkọ mi wò ó láti ẹ̀yìn mi. "Ṣé ibi tó o fẹ́ lọ fi leave ẹ lò nìyẹn?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo pààrọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ka iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ máa gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé orí òkè. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Bí mo bá wọ gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n ń gbà jáde ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ̀rù kan ti wọ inú mi, mo sì gbà pé òkun Japan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìpè orí ìkànnì tí gbogbo ayé ń lò kì í wọlé ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà ohùn ni èmi àti ìyá mi máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ síra wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tirẹ̀ á wọlé. Kì í dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Á sọ ti ewúrẹ́ aládùúgbò tó jẹ ewébẹ̀ rẹ̀, á sọ ti ìyàwó tuntun tí kò kí i, á wá ṣàdúrà títí ohùn á fi gé e lẹ́nu. Ní àkókò tí mò ń ṣètò Kamakura yìí, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó di ìṣẹ́jú méjì. Ó di àdúrà nìkan. Ó wá di àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀: wọ́n ń sùn, wọ́n ń kírun, wọ́n ní kí n kí yín.

Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ohùn àbúrò mi. Pì. Pì. Pì. Mo béèrè ohun tí ó jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, inverter ni. NEPA ò tíì mú iná wá."

Mo gbà. Kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ láàárín irú ìró yẹn láti àárọ̀ di alẹ́, tí mo lè dá a mọ̀ lójú oorun pé ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ àyà aláìsàn ló ń dún, mo gbà pé inverter ni. Bí mo bá bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan, òun náà á bi mí ní ọ̀kan, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé físà ní Dubai. Mo fún ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní pásípọ́ọ̀tù mi, ó ń ka ìwé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Kì í ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ó fi káàdì ara rẹ̀ pè mí tààrà, ìyá mi tí kì í pe Èkó láti Abẹ́òkúta àyàfi tí ilé bá ń jó.

"Níbo lo wà?" Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo wo ọmọbìnrin náà, mo wo àwòrán òkè ńlá olómi dídì tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀. "Ibi iṣẹ́ ni mo wà, Màámi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn pésẹ́ńtì wà níwájú mi. Màá pè yín tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n bínú sí ẹ. Tó o bá kúrò níbẹ̀, kó o pè mí o."

"Màá pè yín, Màámi."

Ọmọbìnrin náà fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ wọn, ó ní wọ́n máa ránṣẹ́ sí mi tó bá dé.

N kò pè é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́rú, mo mú fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé á bi mí bí iṣẹ́ ṣe lọ, màá sì tún ní láti parọ́ lé irọ́. Mo ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, màá pè é lẹ́yìn ìrun bí a ti máa ń ṣe.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi wá bá mi ní Mirdif. Ọkọ mi tí kì í dìde nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹun ọ̀sán. Mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú lọ́wọ́ méjèèjì. Láàárín wa, tí ìròyìn burúkú bá dé, ọkọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin pè mí láti Abẹ́òkúta," ó ní. "Wọ́n ní ara Màmá ò yá díẹ̀. Wọ́n ní kó o máa bọ̀ nílé."

Díẹ̀. Èmi náà ti sọ "díẹ̀" yẹn fún àwọn ẹbí aláìsàn, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì. Hospital ni wọ́n wà. Wọn ò fẹ́ kí ọkàn ẹ dàrú níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá wà lókè òkun. Wọn kì í sọ fún un. Èmi náà kò sì sọ fún wọn. Mo ń wá àpò mi kiri, mo ń sọ pé kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù alẹ́ yẹn, yalla, kó ṣe kíá. Kò mira. Ó ń wò mí.

"Passport ẹ ńkọ́?"

Mo jókòó sórí ibùsùn aláìsàn kan tó ṣófo.

A sáré lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọmọbìnrin yẹn gan-an la bá, ó sì ṣàánú mi dé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ní pásípọ́ọ̀tù ti kọjá ọ̀dọ̀ àwọn, pé òun máa kọ̀wé kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ti dé, ọjọ́ Ajé ni kí n fojú sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi fi dákẹ́.

Ní Sharjah, ìsinmi ni ọjọ́ Jímọ̀. Àdúgbò wa dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé gbogbo èèyàn ti gbọ́ nǹkan tí wọn kò fẹ́ sọ fún mi. Mo pe nọ́ńbà ìyá mi láti àárọ̀. Ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè. Ó kọ́kọ́ kí mi. Ó bi mí bóyá ọkọ mi wà nítòsí. Ó ní kí n jókòó. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ti wí, èmi sì wà nínú pálọ̀ mi pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ ìlú kan tí mo ti há ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá fún omi níbẹ̀ sórí.

Ní ọjọ́ Ajé, pásípọ́ọ̀tù dé. Wọn kò dúró gba ìwé tí ọmọbìnrin náà kọ. Físà Japan ti wà nínú rẹ̀, ó mọ́, ó rẹwà. Ọkùnrin tó fún mi kò mọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó kí mi kú oríire ní èdè Lárúbáwá, ó ní, "Mabrook, madam!"

Mo dé Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì. Kàlẹ́ńdà bàbá mi ṣì wà lára ògiri, ojú rẹ̀ kọ sí wa. Àwọn alábàánikẹ́dùn lọ tán, ó ku èmi àti àbúrò mi nínú yàrá ìyá wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tí mo wà lọ́jọ́ Ajé yẹn, ohun tí mo sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ti fẹ́ pè yín ká sọ òótọ́ fún yín. Màmá ló kọ̀. Wọ́n ní, 'Ẹ má dà á láàmú, ibi iṣẹ́ ló wà. Tó bá kúrò níbẹ̀, á pè mí.' Wọ́n fi fóònù sábẹ́ pílò. Wọ́n ní n má jẹ́ kó kú."

Mo bi í níbo ni fóònù náà wà. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà nínú iná níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti mú un ti ilé ìwòsàn dé, ó ti kún. Àbúrò mi ní òun kò tíì lè yọ ọ́.