Igbe Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Iwájú

Iṣẹ́ bíréèkì nìkan ni Mùtíù Ọ̀ṣuntóyìn ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn, á ní kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Bí iná ọkọ̀ bá kú, á nawọ́ sí ìsọ̀ rewayà tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré tí kò fẹ́ dúró, tàbí tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo kó tó dúró, ọkọ̀ náà ti délé nìyẹn. Abẹ́ igi máńgòrò kan láàárín Ibafo àti Mowe ni ìsọ̀ Mùtíù wà. Kòńténà búlúù kan ló gbé kalẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ti Ìkirè dé, ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ara ilẹ̀kùn kòńténà náà ló so àwọn sípánà rẹ̀ kọ́ sí, wọ́n tò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, kó lè tètè mọ èyí tí kò tíì padà sílé.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìkirè fi òfin kan lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gba fúrídọ̀ọ̀mù. Ó ní, "Mùtíù, bí ọkọ̀ bá padà wá lẹ́ẹ̀kan lórí àìsàn kan náà, wo ọkọ̀ dáadáa. Bó bá padà lẹ́ẹ̀kejì, wo ọwọ́ ara rẹ. Bó bá wá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wo ẹni tó ni ín."

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọkọ̀ tó ń padà fún ìgbà kẹta yọ láti ọ̀nà Arepo. Kò sẹ́ni tó rí i kó tó gbọ́ ọ. Igbe tín-ín-rín kan ló ṣáájú rẹ̀, ó ń han gooro bí ajá tí èèyàn tẹ̀ nírù. Ọkọ̀ ìjàpá ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, orí rẹ̀ róbótó, kò sì dípẹtà níbì kankan. Mọ́mì Ìbíwùnmí ló wà nídìí ìdarí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ wọn ló ra ọkọ̀ náà lọ́dún tí wọ́n bí Dáníẹ́lì, àkọ́bí wọn. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, Mọ́mì fúnra wọn ló ń wà á.

Mùtíù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Zubair, tó ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́, gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà, Mọ́mì. Mo ti ń sá kúrò lójú títì o, mo rò pé gómìnà ló ń kọjá."

"Zubair, nígbà tí o bá na ara ọkọ̀ yẹn tán, jọ̀ọ́, bá mi na ẹnu rẹ náà, ó ti wọ́."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Mọ́mì kò pẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Wọ́n ní Dáníẹ́lì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun máa jókòó ti ìyá òun dé Ifọ̀. Bí bíréèkì náà bá ké lẹ́ẹ̀kan péré, ọkùnrin náà á wá gbé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Ó ní bíréèkì tó bá ń ké lónìí, ọ̀la ló máa kọ̀. N ò lè bá a wí, ìfẹ́ ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yìí bá lọ, Mùtíù, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

Mùtíù mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà. Folúkẹ́ lorúkọ wọn, Ifọ̀ ni wọ́n ń gbé, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti jáde nílé kẹ́yìn nítorí ẹsẹ̀. Gbogbo Sátidé ni àbúrò wọn máa ń lọ jókòó tì wọ́n títí ọjọ́ á fi rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò lọ síbẹ̀ láti Arepo, á sọ̀ á tún gùn lẹ́ẹ̀mẹta, orúnkún Mọ́mì kò sì lè ṣe ìyẹn mọ́.

"Ẹ fún mi títí dọ̀la," ni Mùtíù wí.

Ó kọ́kọ́ wọ inú kòńténà lọ wo ògiri, níbi tó ti máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé. Nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta oṣù. Ó fi bẹntiróòlù fọ inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó fi sáńpépà ha láínì rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń gbá ẹsẹ̀ mú kó lè dúró, igbe náà sì dákẹ́, ó ku díẹ̀ ní ìyànà. Nígbà kejì, ọjọ́ kejì oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó tún fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ láínì pátápátá, ó tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Òní sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mùtíù dúró wo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé bíréèkì náà máa ń wo kàléńdà ni?

Ó jáde, ó ní kí Mọ́mì máa wa ọkọ̀ náà lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú pópó ẹ̀yìn ìsọ̀, kí wọ́n máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ba, ó ń bá ọkọ̀ rìn, ó dẹ etí sí ẹsẹ̀ kan, ó tún bọ́ sí èkejì, bí ẹni tó ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ.

Zubair tún pariwo, "Mùtíù! Ṣé o ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ kó o tó máa sọ̀rọ̀ sí i létí?"

Mùtíù nàró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ni, kò sí iyèméjì. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó tú táyà, ó sì fa dúrọ́ọ̀mù jáde, ìyẹn irin tó dà bí ìkòkò tí láínì máa ń fún mọ́ nínú nígbà tí èèyàn bá tẹ bíréèkì. Láínì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan níbẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Epo wà lára rẹ̀. Ó wo ibi tí omi bíréèkì lè ti máa jò, ó gbẹ táútáú. Ó wo gírísì inú agbárí ẹsẹ̀, ibi tí táyà ń yí lé, ó wà níbi tó fi í sí.

Ó na ọwọ́ mú gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù bí ìṣe rẹ̀, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tú ẹsẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì ti da bẹntiróòlù sí i kó tó wò ó. Ta ló wá fẹ́ gbóòórùn ohun mìíràn lẹ́yìn bẹntiróòlù? Ó gbé gálọ́ọ̀nù náà sílẹ̀, ó fi ìka kan epo náà, ó gbé e símú. Kì í ṣe epo ọkọ̀ rárá. Òórùn ọmọ tuntun ni, òórùn ohun tí ìyá fi ń ra ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Òróró ólífì ni, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké lójú ọ̀nà àwọn ibùdó àdúrà, láti Ibafo dé Mowe.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ yé e. Wo ẹni tó ni ín.

Ó nu ọwọ́, ó lọ́ra. Báwo ni Mùsùlùmí ṣe fẹ́ bi ìyá ìjọ léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí? Ó lọ lóṣòó síwájú bẹ́ǹṣì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Kí ni ẹ máa ń ṣe fún ọkọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tí ẹ kì í ṣe láàárín oṣù?"

"Àdúrà ni mo máa ń gbà sí i. Láti bí oṣù mẹ́ta tí Dáníẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjàǹbá ọkọ̀ dẹ́rù bà mí. Bó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń mú òróró, mo máa ń ta á sí táyà..." Ohùn wọn ń falẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ tí Mùtíù tú sílẹ̀. "Èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó yẹ kí n ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúnkún mi ni kò gbà. Ni mo ṣe máa ń da ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹyọ kan."

Zubair la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Mùtíù wò ó, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì bí ẹni gbé àgúnmu mì.

"Ṣé àdúrà mi ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, Mùtíù?"

"Ká má rí i, Mọ́mì. Èmi náà kì í mú sípánà láìṣe Bísímílà. Àdúrà ò ṣe nǹkan kan, òróró ló ṣìnà." Ó gbé dúrọ́ọ̀mù náà wá, ó fi ihò kékeré kan hàn wọ́n lójú rẹ̀. "Ihò yìí ni mo máa ń ti fi irin bọ inú ẹ̀ láti fún bíréèkì. Ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Láínì àti irin yìí gbọ́dọ̀ di ara wọn mú ṣinṣin kí ọkọ̀ tó dúró. Bí òróró bá wà láàárín wọn, ṣe ni wọ́n á máa yọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń ké. Ẹ máa ta á sí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ máa ta á sí ilẹ̀kùn. Ibi tí ọkọ̀ fi ń rìn, ẹ gbàdúrà sí i bó ṣe wù yín. Ibi tó fi ń dúró, ẹ fi síkàáwọ́ èmi."

Mọ́mì tẹjú mọ́ ihò náà. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi gèlè nu ojú.

"Ààbò ni mo ń tọrọ o! Mo wá ń fọwọ́ ara mi da òróró sí i lẹ́sẹ̀!"

"Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, Mọ́mì. Ó yẹ kí n ti gbóòórùn rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́."

Láínì tó bá ti mu òróró kò ṣeé fọkàn tán mọ́, nítorí náà Mùtíù pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú kí ìkan má baà lágbára ju ìkejì lọ. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ dúrọ́ọ̀mù, ó sá a sóòrùn, ó fi sáńpépà ha inú rẹ̀. Lópin gbogbo rẹ̀, ó gé rọ́bà lára túùbù àtijọ́ kan, ó gbẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ títí ó fi bá ihò kékeré náà mu, ó sì fi dí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́mì ní kí Mùtíù náà bá àwọn lọ. Ẹ̀yìn ni Mùtíù jókòó sí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Dáníẹ́lì wà níwájú, ọkùnrin gíga tó wọ awò ojú, ó jókòó bí olùdánwò. Wọ́n gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ṣàdédé já sójú títì. Mọ́mì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Mùtíù dijú. Ọkọ̀ náà dúró wọ̀ọ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ohùn ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n gbọ́.

"Hẹn," ni Dáníẹ́lì wí.

"Hẹn kí ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Hẹn náà ni, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, iwájú ni kí ẹ máa wò."

Wọ́n dé Ifọ̀ láìsí igbe. Wọ́n dúró síwájú ilé, kò sẹ́ni tó yọjú. Mọ́mì kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn arúgbó ló dáhùn láti inú.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìbíwùnmí ni."

"Irọ́ lo ń pa. Láti bí oṣù mẹ́ta, Ìbíwùnmí kì í dé kí ọkọ̀ rẹ̀ má ké láti ìyànà. Igbe yẹn ni mo fi ń dìde lórí àga, kí n lè dé ìdí ilẹ̀kùn kó tó kàn án. Lọ síbi tó o ti ń bọ̀."

Dáníẹ́lì wo Mùtíù, Mùtíù wo ilẹ̀. Mọ́mì padà sínú ọkọ̀, wọ́n fun fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fèrè ìjàpá tí kò jọ ti ọkọ̀ kankan. Láti inú ilé ni wọ́n ti gbọ́ tí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Dáníẹ́lì kò tíì dúró gbọ́ ọ rí. Kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, ó ti yọ fóònù, ó ti rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má bínú, sà," ni Mùtíù gbọ́ tó ń sọ. "Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè mọ́. Màmá ṣì ń lò ó."

Mùtíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà kékeré náà wò. Ó ṣì le dáadáa.