Fíìmù Tí Kò Ní Aládùúgbò

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti ìyá mi jókòó ní pálọ̀ wa ní Ẹdẹ, à ń wo fíìmù kan tí àwọn jàǹdùkú ti ya wọ ilé tọkọtaya kan. Ẹni tó ṣe fíìmù náà mọ bí ìró ẹsẹ̀ lásán ṣe ń dẹ́rù bani. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù náà pọ̀ jù. Nígbà tó yá, ó dà bí ìsọ̀ alápatà. Ìyá mi ní kò ba àwọn lẹ́rù rárá.

"Obìnrin yìí ti ń ké látàárọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé wọn ò ní aládùúgbò ni?"

"Inú igbó ni ilé wọn dá wà, Màmá."

"Ta ló ní kí wọ́n lọ kọ́lé síbẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí gbàgà. Mo sá sẹ́yìn àga. Ìyá mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìyàwó ilé kejì, tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ló wá yá odó. Ó wò wá níbi tí a lúgọ sí, ó fa àga, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà látìbẹ̀rẹ̀.