Nígbà Tí Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi Kú Tipiri

Bàtà ọ̀tún bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lórí afárá pákó ní Òde Ugbò, n kò sì mọ̀. Aládùúgbò kan ló ké sí mi: "Ìyá Bísọ́lá, bàtà yín rèé o!" Mo wo ẹsẹ̀ mi. Orí pákó ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ pákó náà lára.

Kó tó pé oṣù méjì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú tipiri. Síbẹ̀ wọ́n ń ta mí bí iná. Ọkọ mi ló ń dì mí mú kí n tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan ní epo rọ̀bì inú omi ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Moradékẹ́, ní púpurú ni, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń yan gbẹ lórí èéfín. Mo fi púpurú sílẹ̀. Mo rù kan egungun, ẹsẹ̀ kò sì sàn.

Ní ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Bí dókítà obìnrin kan ṣe pè wá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Dókítà, mo kà á ládùúgbò wa. Ẹni mẹ́ta ni ẹsẹ̀ wọn kú. Gbogbo wọn ló ń jẹ púpurú!"

"Màmá, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le ńkọ́? Ta ni kì í jẹ púpurú ní Ugbò?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí o."

Dókítà ṣàlàyé pé àwọn olùwádìí máa ń fi ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ nǹkan wé ọ̀pọ̀ tí kì í jẹ ẹ́. Bí ìyàtọ̀ iye aláìsàn àárín wọn kò bá ju ohun tí èèṣì lásán lè mú wá lọ, wọn kì í pè é ní ẹ̀rí. "Ẹni mẹ́ta kò tó, mà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín wò."

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé fítámì B12 ti tán lára mi, èròjà tí àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ kò lè ṣe aláìní. Ó pọ̀ nínú ẹja, ṣùgbọ́n ikùn mi kò lè fà á mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lábẹ́rẹ́, lemọ́lemọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Títa tí ẹsẹ̀ ń ta mí tilẹ̀ kọ́kọ́ le sí i. Mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ kankan jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fọ ẹja létí omi. Mo gbé ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sì pariwo.

"Kí ló dé?"

"Ó tutù! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrẹ̀ yìí tutù!"

Moradékẹ́ ju ẹja sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, a sì jó nínú ẹrẹ̀ títí aṣọ wa fi bàjẹ́.

Mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́ mi, mo sì ń jẹ púpurú mi. Mo rò pé ara mi ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Àṣé ebi ló ń pa á láàárín ẹja. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara náà tó dúró dè mí.